Wọ́n fẹ́ fi Màmá mi sínú ìwádìí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Elélùbọ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa.

Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 62, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọ́n ń lò ó déédéé. Láti ìgbà tí owó oògùn ti gbówó lórí, wọ́n a máa gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìfúnpá wọn kì í sì í wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lọ sí kílíníìkì ní ilé ìwòsàn kan tó jẹ́ ti yunifásítì. Bí wọ́n ṣe jáde lọ́dọ̀ dókítà, ọmọbìnrin kan pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá bá àwọn ṣe é, ọ̀fẹ́ ni oògùn àti àyẹ̀wò fún oṣù mẹ́fà, àwọn á sì máa fún wọn lówó ọkọ̀. Inú Màmá dùn. Ló bá gbé ìwé olójú-ewé mẹ́jọ jáde, Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ̀ka. Màmá ò ka ìwé kọjá ìwé kẹrin. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ àwọn sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, wọ́n fàáké kọ́rí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi ìyá àwọn dán oògùn wò. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù jù ni pé ọmọbìnrin náà sọ pé kì í ṣe dókítà ló máa yan oògùn tí Màmá máa lò, kọ̀ǹpútà ni. Màmá bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ fi ara mi ta tẹ́tẹ́ ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Èkó ni mo wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Ṣé kí wọ́n gbà á ni, àbí kí wọ́n kọ̀ ọ́?

Bàbá Tólú:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, àbúrò mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan lọ síbẹ̀. 200 ọmọ ni wọ́n fi ṣèwádìí: ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, àwọn mìíràn di adití, àwọn mìíràn ò lè rìn mọ́. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà tó bá ìjọba Kánò ṣàdéhùn láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Má jẹ́ kí Màmá tẹ nǹkankan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláìsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbá Tólú, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bá yín jà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí oró náà wà gan-an. Nínú ọmọ 11 tó kú yẹn, 5 ló gba Trovan, 6 ló gba oògùn kejì. Kì í ṣe iye àwọn tó kú nìkan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kánò máa dun èèyàn dòní. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá ò sì mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá. Ìwé tí wọ́n gbé jáde pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fọwọ́ sí i ńkọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, ìgbìmọ̀ ọ̀hún ò tíì sí.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tó yẹ kó bí ọ nínú nínú gbogbo ohun tí o kọ ni ìwé Òyìnbó olójú-ewé mẹ́jọ yẹn. Inú bí èmi náà. Ẹni tí kò lè kàwé, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí ẹnìkan tí kì í ṣe ara àwọn olùwádìí jókòó tì í ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó bèèrè ohun tó bá fẹ́, kí ó gbé ìwé lọ sílé bó bá wù ú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni títẹ̀ka máa wá kàn. Orílẹ̀-èdè wa ní ìlànà lórí èyí láti 2007, ìgbìmọ̀ kan sì gbọ́dọ̀ wà ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn náà tó ti yẹ ìwádìí náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà àti nọ́ńbà tí èèyàn lè pè wọ́n sí máa ń wà lójú ewé ìkẹyìn. Wá a níbẹ̀. Bí o ò bá rí i, kí Màmá má tẹ̀ka.

Ní ti tẹ́tẹ́ tí Màmá ń sọ, sọ fún wọn pé kì í ṣe tẹ́tẹ́, kèké ni kọ̀ǹpútà yẹn ń bá wọn ṣẹ́, kó lè pín àwọn aláìsàn sí apá méjì láìwojú ẹnikẹ́ni, kí apá kọ̀ọ̀kan gba oògùn tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ mọ irú àgbàdo tó dára jù nínú méjì, kò ní gbin ọ̀kan sí àkùrọ̀ kó gbin èkejì sórí àpáta. Bí wọ́n bá ní kí dókítà máa yàn, ẹni tí àánú rẹ̀ bá ṣe é ni yóò máa fún ní oògùn tuntun, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ le. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò ní sẹ́ni tó mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ ni àbí agbára ara aláìsàn.

Ọmọ Ìbàdàn:

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan ti Nọ́ọ̀sì Àgbà lẹ́yìn, torí àwọn kan rò pé oògùn nìkan ni wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago ṣe ọ̀kan níbí fún aboyún 324 tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná. Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìdajì gba sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, epo ìdáná tí kì í rú èéfín púpọ̀, ìdajì ń dáná wọn lọ bí wọ́n ṣe ń dá a tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oyún ń parí lọ, nínú àwọn tó gba sítóòfù, bí 2 nínú 100 ni ìfúnpá wọn ga. Nínú àwọn yòókù, ó lé ní 6 nínú 100. Bí gbogbo wọn bá ti gba sítóòfù ni, báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀ pé èéfín ń bá ẹ̀jẹ̀ aboyún jà?

Ará Ìlú Ọba:

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti ìgbà Kòrónà. Ẹ rántí 2020, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ra chloroquine bí ẹni ra búrẹ́dì, débi pé àwọn kan gbé e mì l'Ékòó tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn? Ìwádìí Yunifásítì Oxford tí wọ́n pè ní RECOVERY ló fi hàn pé hydroxychloroquine, tó jẹ́ ọmọ ìyá chloroquine, ò gba àwọn tí Kòrónà dá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn là. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé dexamethasone, oògùn tí ò wọ́n rárá, dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Èèyàn 2,104 gbà á, wọ́n fi wọ́n wé 4,321 tí kò gbà á. Kèké náà ni wọ́n ṣẹ́. Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù nígbà yẹn, a ò ní gbàgbé ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé ní oṣù kẹfà.

Apòògùn Àdúgbò:

Ẹ̀gbọ́n, mo ń ta oògùn, mo sì ń rí àwọn tó ń gé hóró sí méjì bíi Màmá yín lójoojúmọ́. Ó máa ń dùn mí.

Ìdí kan wà tó fi yẹ kí irú ìwádìí yìí máa wáyé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń lò, ara òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní 2019, èsì ìwádìí kan tó ń jẹ́ CREOLE jáde. Èèyàn dúdú 728 ni wọ́n lò ó fún ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, dókítà kan láti Yunifásítì Abuja, Dike Ojji, sì wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bá wà nínú oògùn méjì tí wọ́n so pọ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá so méjì mìíràn, perindopril àti hydrochlorothiazide, pọ̀ lọ. Wọn ì bá má mọ èyí bí gbogbo wa bá kọ̀. Ní 2024, èsì mìíràn tún jáde láti Abuja lórí hóró kan ṣoṣo tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, èèyàn 300. Òun náà fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀kan fún èèyàn 400 tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, wọ́n fún wọn ní káàdì ìfúnpá, wọ́n fi fídíò kọ́ wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe èyí fún àti ti àwọn tí wọn ò ṣe é fún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, wọn ò fi pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún Màmá pé oògùn tuntun ló máa wò wọ́n sàn, irọ́ ló ń pa. Bí wọ́n bá ti mọ̀, wọn ò ní máa wádìí.

Ẹ bèèrè orúkọ oògùn tó wà lápá méjèèjì. Ẹ bèèrè bóyá NAFDAC ti fọwọ́ sí ìwádìí náà. Kí ẹ sì bèèrè bóyá àwọn kan wà tí wọ́n máa fún ní hóró tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga tó báyìí máa gbé mì fún oṣù mẹ́fà, kí Màmá dìde ńlẹ̀. Kí wọ́n má dá oògùn tí wọ́n ń lò dúró títí wọn ó fi rí dókítà. Ṣé wọ́n ń mu agbo?

Ọmọ Elélùbọ́:

Bẹ́ẹ̀ ni o, láràárọ̀. Wọn ò sì sọ fún dókítà kankan rí.

Apòògùn Àdúgbò:

Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sọ ti hóró tí wọ́n ń gé sí méjì náà. Bí wọ́n bá fi pamọ́, wọ́n á rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fi kún un.

Ìyá Ayọ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ti pẹ́ nínú mi. Baba Ayọ̀ wọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ti àtọ̀gbẹ, ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi tọ́jú wọn dáadáa. Wọ́n ń pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ń yẹ ojú àti ẹsẹ̀ wọn wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ojú wọn ọ̀tún ti ń bàjẹ́, wọ́n sì tètè mú un. Títí láé ni mo máa dúpẹ́ ìyẹn.

Ọjọ́ tí ọdún náà pé, ó parí náà nìyẹn. Oògùn tó bá wọn lára mu, a wá a kiri, owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀, ṣúgà tún gòkè. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò padà wá sọ fún wa ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí náà. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni wọ́n ń fà lóṣooṣù. Ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ fún wa ni?

Àbúrò mi, nígbà tí Màmá bá débẹ̀, kí wọ́n bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje.

Bàbá Tólú:

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mi ò tíì sọ pé kí Màmá gbà á o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa lọ, kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bínú yẹn bá wọn lọ. Òun gan-an ni kó jókòó ṣe ẹlẹ́rìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Bàbá Tólú, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ọmọ mi, kí Màmá sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti wọlé, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè jáde. Dókítà wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ yí ojú padà sí wọn ní kílíníìkì.

Ọmọ Elélùbọ́:

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n jábọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi náà wà lórí fóònù láti Èkó. A ní a ò sọ̀rọ̀ lórí ìwé Òyìnbó. Wọ́n kọ́kọ́ ní ti Yorùbá ò sí nítòsí, ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á dúró. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n mú un wá, ó wà tẹ́lẹ̀! Dókítà kan, ọ̀dọ́bìnrin tó níwà pẹ̀lẹ́, ló jókòó kà á fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ wà lójú ewé ìkẹyìn bí Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣe wí, mo pè é, wọ́n gbé e, wọ́n sì mọ̀ nípa ìwádìí náà. Apá méjèèjì ló máa gba oògùn gidi. Màmá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ agbo àti hóró gígé. Dókítà náà ò bá wọn wí, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ra oògùn.

Mo tún ṣàlàyé àkùrọ̀ àti àpáta fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn bí àwọn bá fẹ́ mọ iṣu tó ń ṣe èlùbọ́ dúdú.

Ìgbà tó kan títẹ̀ka, Màmá gbé ọwọ́ sórí tábìlì, wọ́n ní, "Dókítà, ní oṣù keje, ta ni yóò máa fún mi ní oògùn yìí?" Dókítà náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kò sí i nínú ìwé, òun á lọ bi ọ̀gá òun. Màmá ní kó bi í kó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n á pe àwọn láti sọ ohun tí wọ́n bá rí. Ìyá Ayọ̀, torí yín ni mo ṣe sọ fún wọn kí wọ́n bèèrè ìyẹn.

Wọn ò tíì tẹ̀ka. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ní òun máa gbé wọn lọ.