Pọ́ńdù ẹja róbótó: táńkà omi mélòó ló máa gbà?

Alhaja Ẹlẹ́ja, Òkè-Oyì
Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pọ́ńdù róbótó fún ẹja àrọ̀. Mo fi téèpù wọn inú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, mítà 3 ni. Mítà 1 ni mo fẹ́ kí omi ga mọ. Ògiri ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àrọ̀ mọ̀ ọ́n fò. Ẹni tó ń ta omi tẹ fóònù rẹ̀, ó ní lítà 28,000 àti díẹ̀, kí n sanwó táńkà onílítà 10,000 mẹ́ta. Ara mi ò gbà á. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Tíṣà Ọ̀fà
Alhaja, ẹ má tíì sanwó o! Mo mọ ohun tó ṣe: 3 lọ́nà 3 lọ́nà 3.142, nọ́ńbà tá a fi ń ṣírò ohun róbótó. Ìdajì ìbú là ń lò, ìyẹn láti àárín gbùngbùn dé ara ògiri: mítà 1.5. 1.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 2.25. Ẹ fi 3.142 lọ́nà ẹ̀, ó di 7.07. Bí ilẹ̀ pọ́ńdù ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Omi ga ní mítà 1, torí náà 7.07 náà ló dúró sí. Kòtò tó gùn, tó fẹ̀, tó sì jìn ní mítà kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 1,000. Lítà 7,070 lẹ nílò. Àwọn ọmọ SS2 mi náà ń ṣe bíi tiẹ̀: wọ́n á lo odindi ìbú, ìdáhùn á di ìlọ́po mẹ́rin, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ńbà yẹn wọnú ìṣirò.

Bíríkìlà Òmù-Àrán
Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Inú ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n o, bí Alhaja ṣe ṣe yẹn. Ẹni tó bá wọn ìta, tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ ínṣì 6, mítà 3.3 ló máa rí, á sì sanwó omi tó lé ní lítà 1,400 tí kò ní ibi tó máa wọ̀. Tí àárín bá ṣòro mọ̀, ẹ ta okùn yí inú ògiri ká, kẹ́ ẹ pín gígùn okùn sí 3.142. Ìbú nìyẹn.

Alhaja Ẹlẹ́ja
Àlùbáríkà á wọ iṣẹ́ yín. Ó ku ti àtijọ́: ó gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní 3, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Omi jẹ́ mítà 1 lápá kan, 1.4 níbi páìpù tá a fi ń dà á nù. Èwo ni kí n mú?

Tíṣà Ọ̀fà
Àárín méjèèjì, 1.2. Ká ní ẹ gé omi yẹn ní òòró bíi búrẹ́dì, ojú kan náà ni gbogbo ègé á ní: 1.2 lọ́nà 6, 7.2. Ẹ wá fi fífẹ̀ rẹ̀, 3, lọ́nà ẹ̀: 21.6. Lítà 21,600. Táńkà mẹ́ta tí ẹni tó ń ta omi ní kẹ́ ẹ rà fún róbótó nìkan, pọ́ńdù méjèèjì ló máa kún, á sì ṣẹ́kù.

Bíríkìlà Òmù-Àrán
Alhaja, ẹ má kó ẹja sínú omi àkọ́kọ́ o. Sìmẹ́ǹtì tuntun le fún wọn. Ẹ rẹ pọ́ńdù yẹn ná, kẹ́ ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tó pọn omi míì sí i. Ẹ ka ìyẹn mọ́ owó omi.