Mo ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn: ṣé iléèwé lè yọ̀ǹda mi kí àsìkò tó pé? (England)

Ìyá Ìbejì, Coventry:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìṣirò ni mò ń kọ́ níléèwé girama kan níbí, orí físà Skilled Worker ni mo wà. Ọlọ́dún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, àmọ́ ní oṣù Kẹrin mo tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ títí lọ. Wàyí o, ibi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ ti gbé wọn lọ sí Newcastle, iléèwé kan níbẹ̀ sì ń fẹ́ mi ní oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹfà la wà yìí. Ẹnì kan ní kí n kàn fi ìwé sílẹ̀ kí n máa lọ. Ẹ̀rù físà ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, Leeds:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti ẹni yẹn. Lábẹ́ Burgundy Book, ìyẹn ìwé ìlànà iṣẹ́ olùkọ́ tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń tẹ̀ lé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni olùkọ́ lè kúrò: 31 oṣù Kejìlá, 30 oṣù Kẹrin, 31 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó máa lọ ní oṣù Kẹjọ, ó pẹ́ tán, 31 oṣù Karùn-ún ni ìwé rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ti kọjá. Èyí tó kàn ni 31 oṣù Kẹwàá, fún ìparí ọdún. Tó bá jẹ́ academy (iléèwé ìjọba tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀) ni tiyín, ẹ ka àdéhùn yín dáadáa, wọ́n lè kọ tiwọn yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá iléèwé lè yọ̀ǹda yín bó bá wù ú. Ojú rere lẹ ń wá, kì í ṣe ẹ̀tọ́, nítorí náà ẹ lọ bá a lójúkojú kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ sọ ti iṣẹ́ ọkọ yín, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó to iṣẹ́ kíláàsì sílẹ̀ fún ẹni tó máa rọ́pò yín. Olùkọ́ ìṣirò ṣọ̀wọ́n. Tó bá ní àfi tóun bá rí ẹlòmíràn, ẹ má kà á sí ìkà. Tó bá gbà, ẹ gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ, kí ọjọ́ ìlọ sì jẹ́ 31 oṣù Kẹjọ gan-an kí owó oṣù náà má baà bọ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ o. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Bàbá Tóní, Luton:
Ti físà: iléèwé Newcastle gbọ́dọ̀ ní àṣẹ sponsor (àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun), kí wọ́n fún yín ní CoS (ìwé ẹ̀rí ìgbowọ́ iṣẹ́) tuntun, kí ẹ sì tún físà béèrè. Ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, yóò fi fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹ lè máa ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ wà nígbà tí ẹ ń dúró. Bí ẹ bá kúrò láìní CoS, iléèwé máa fi tó Home Office létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, wọ́n sì lè gé físà yín kù sí ọjọ́ 60.

Ẹ tún wò ó bóyá àdéhùn yín ní kí ẹ dá owó padà. Wọ́n lè béèrè owó físà tàbí owó ìlera NHS tí wọ́n bá yín san, tí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Immigration Skills Charge, owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ńkọ́? Òfin kò gbà kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rárá.

Àǹtí Houston:
Ẹ̀yin ará Texas, ẹ má fi tiwọn ṣe tiwa o. Tiwa, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kọjá, tí ẹ sì lọ láìgba àṣẹ district (àjọ tó ń darí àwọn iléèwé àdúgbò), wọ́n lè fẹjọ́ yín sun SBEC, àjọ tó ń fún olùkọ́ Texas ní sáàtífíkéètì, kí wọ́n fìyà jẹ yín lórí sáàtífíkéètì yín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbé ọkọ tàbí aya tí ẹ jọ ń gbé lọ sí ìlú míì, SBEC ka ìyẹn sí ìdí tó tọ́. Ẹ tọ́jú lẹ́tà iṣẹ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, Coventry:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bù kún yín. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, Leeds:
Ẹ bẹ Newcastle kí wọ́n dúró dè yín di oṣù Kíní. Àwọn náà mọ ọjọ́ wọ̀nyí, kò ní ṣàjèjì sí wọn. Ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀gá yín yìí náà ni wọ́n ti máa béèrè reference, ìyẹn lẹ́tà ẹ̀rí nípa iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olùkọ́ bíi NEU tàbí NASUWT, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, kí wọ́n bá yín ka àdéhùn náà.