Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí oògùn èpò àti ìpara ọmọ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ń rákò, orí koríko iwájú ilé ló sì fẹ́ràn jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fín oògùn èpò síbẹ̀. Kó tó gbẹ, mo bá ọmọ níbẹ̀, ó ti fa koríko tu, ó ń kì í bọ ẹnu. Àyà mi já! Mo fọ ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ kíá. Kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Glyphosate, kẹ́míkà tó ń pa èpò, ni wọ́n kọ sára ìgò náà, èyí tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, kà mọ́ ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa àrùn jẹjẹrẹ lọ́dún 2015.

Mo ti dán fínígà wò, ewé nìkan ló jó, èpò náà tún hù. Ẹni tó ti da omi híhó sí i ńkọ́, ṣé ó ń dé gbòǹgbò? Àbí ká kúkú máa fọwọ́ tu ú?

Ìpara ọmọ náà ń kọ mí lóminú. “Fragrance” (ìyẹn òórùn dídùn) nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti fi sọ ohun tó ń mú un ta sánsán, bẹ́ẹ̀ phthalate, ìyẹn àwọn kẹ́míkà kan tó lè da họ́mọ̀nù ara láàmú, lè fara pa mọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí lẹ̀yin fi ń pa ọmọ yín lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.