Ọkùnrin tó fẹ́ di burọ́dà tàbí mọ́ńkì: ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó ni yóò sì gbà?

Àkànní: Ẹ kú àárọ̀ o. Tí ọ̀dọ́kùnrin kan bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn burọ́dà tàbí mọ́ńkì, àwọn tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìgbéyàwó, òṣì àti ìgbọràn nínú Ìjọ Kátólíìkì, tí kì í ṣe sẹ́mínárì bíṣọ́ọ̀bù, kí ló yẹ kó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan ní ọdún 1 péré ni, àwọn kan ń pè é ní ọdún 9. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Kátíkíìsì Àgbà: Àkànní, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà pọ̀. Ọdún 1 yẹn ni ti nófísì, ìyẹn àkókò ẹ̀kọ́ àti ìdánwò kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Òfin Ìjọ ti 1983 ní kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ. Bí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n lè fi oṣù 6 kún un. Àwọn Jésúìtì, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, máa ń lo ọdún 2 gbáko, 30 ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀yìn nófísì ni ọ̀dọ́kùnrin náà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó ní gbèdéke: ọdún 3 sí 6. Wọ́n lè sún un síwájú, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 9 lọ. Ibẹ̀ ni 9 ti wá. Ẹ̀jẹ́ títí ayé ló kẹ́yìn, ẹni náà á sì ti pé ọmọ ọdún 21.

Ṣáájú gbogbo èyí, kó kọ lẹ́tà sí fada tàbí burọ́dà tí ẹgbẹ́ náà yàn láti máa gba àwọn tó fẹ́ wọlé. Wọn á ní kó máa wá, kó bá wọn jẹun, kó bá wọn gbàdúrà, kó bá wọn ṣiṣẹ́. Kó má kánjú níbí o. Òfin Bẹ́nẹ́díìtì mímọ́, tí ọ̀pọ̀ mọ́ńkì ń tẹ̀ lé, pàápàá ní kí àlejò tó fẹ́ di mọ́ńkì kan ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 4 tàbí 5 ná. Bó bá wọlé tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka Òfin náà sí i létí: lẹ́yìn oṣù 2, lẹ́yìn oṣù 6 mìíràn, lẹ́yìn oṣù 4 sí i, kó lè mọ ohun tó ń tọrùn bọ̀.

Ṣẹ́gilọlá: Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un, torí ibẹ̀ ló máa ń há sí. Ìwé ìrìbọmi, ìwé kọnfamáṣọ̀n, àti ẹ̀rí pé kò ní ìyàwó. Ìwé ìrìbọmi tó ti wà nínú àpótí láti kékeré kò tó. Kó lọ gba tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì í bọmi, nítorí inú àkọsílẹ̀ ìrìbọmi yẹn náà ni wọ́n ń kọ kọnfamáṣọ̀n, ìgbéyàwó àti ẹ̀jẹ́ títí ayé sí. Ẹni tó ti wà ní sẹ́mínárì tàbí ẹgbẹ́ mìíràn rí á gba lẹ́tà ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọ̀gá ibẹ̀. Bó bá fi pamọ́ pé òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbòmíràn, nófísì rẹ̀ di òfo. Bákan náà ni ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, àti ẹni tí wọ́n fipá mú.

Kó san gbèsè rẹ̀ o! Òfin kò fẹ́ kí wọ́n gba ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san. Ẹni tó ti kó àjọ, kó dá a tán kó tó lọ.

Àkànní: Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Tí ìsìnkú bá dé nílé ńkọ́? Owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Kátíkíìsì Àgbà: Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn tó wà ní nófísì ló ń fún un láàyè. Ọjọ́ là ń kà: bó bá kúrò nílé nófísì ju ọjọ́ 15 lọ, á san àwọn ọjọ́ náà padà. Bó bá ju oṣù 3 lọ, ìbáà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nófísì yẹn ti bàjẹ́.

Ti owó, kí ẹbí jókòó sọ ọ́ kó tó lọ. Ṣáájú ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, á yan ẹni tí yóò máa bójú tó dúkìá rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ́, ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jẹ, owó oṣù tíṣà pàápàá, ti ẹgbẹ́ ni. Nítorí náà, àkọ́bí tí àwọn àbúrò ń wojú rẹ̀ fún owó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti rí ẹni tí yóò gba ẹrù yẹn lórí rẹ̀. Ṣáájú ẹ̀jẹ́ títí ayé, á ṣe ìwé ìhágún tí òfin ìjọba náà fọwọ́ sí. Bí ilẹ̀ kan bá jẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ sí i bó bá wù ú.