Àbúrò mi fẹ́ kọ́ cybersecurity, Bàbá wa ní iṣẹ́ olè ni

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, ó ní cybersecurity, iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, lòun máa kọ́, Bàbá wa fàáké kọ́rí, wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, kí ló fẹ́ fi ṣe tí kì í bá ṣe yahoo. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?

Ọmọ Àkànní: Àwọn tó ń lé olè ni wọ́n o. Ní May 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé, ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n san $300 ní bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọsibítù NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England ń dá aláìsàn padà sílé! Bẹ́ẹ̀ Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe Windows, ti gbé update (àtúnṣe) tó lè dènà ẹ̀ jáde láti March, àìṣe update ló kó wọn sí i. Ọmọ ọdún 22 kan ló yẹ inú kòkòrò yẹn wò, ó rí i pé ó máa ń kọ́kọ́ wá wẹ́ẹ́bù kan tí ò lólúwa, ó ra orúkọ wẹ́ẹ́bù yẹn, kòkòrò ò tàn mọ́.

Bàbá Mọ́remí: Ẹ má da ọ̀rọ̀ Bàbá nù o. Ọmọkùnrin yẹn, Marcus Hutchins, FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, mú un ní August ọdún yẹn náà, torí kòkòrò tó ń jí owó báńkì tó ti bá àwọn kan kọ tẹ́lẹ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ní 2019 adájọ́ wo iṣẹ́ rere tó ti ṣe, ó ní kó máa lọ sílé. Ọgbọ́n kan náà ni olè àti ẹni tó ń lé olè ń lò, àṣẹ ló yà wọ́n. Tí báńkì bá ní kéèyàn wá dán kọ̀ǹpútà àwọn wò bóyá olè lè wọ̀ ọ́, wọ́n á kọ ibi tó lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sínú ìwé, wọ́n á buwọ́ lù ú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní England, ẹni tó bá kàn wọlé láìgbàṣẹ ti rúfin, kódà kó má jí kọ́bọ̀. Nàìjíríà náà ní òfin tiẹ̀, Cybercrimes Act 2015.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí ni màá sọ fún Bàbá. Ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Àkànní: Kó kọ́kọ́ mọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kó wá lọ sórí TryHackMe, wẹ́ẹ́bù ìkọ́ṣẹ́ kan, wọ́n dìídì gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Àmọ́ kó má dán an wò lórí Wi-Fi aládùúgbò o.