Ìgbélànàró ni, kì í ṣe ìfipámúlò

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo kí yín láti Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wa dábàá "ìfipámúlò" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "policy enforcement", ìyẹn bí a ṣe ń rí i pé ìlànà ìráàyè sí ìwífún, èyí tó ń sọ ẹni tó lè rí ìwífún wo, fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú gbogbo irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwífún rẹpẹtẹ (big data). N kò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nínú Apache Ranger, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣàkóso irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ojúkan ni alábòójútó ti ń kọ ìlànà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré kan wà nínú irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe Hive, HBase tàbí Kafka, tí ó ń lọ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30, bí a kò bá yí àkókò náà padà, bóyá ìlànà tuntun ti dé, tí ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ kí ó lè máa ṣe ìdájọ́ nìṣó bí ojúkan yẹn bá tilẹ̀ dákú. Ẹ̀ka yìí ló ń pinnu kí ìbéèrè tó rí èsì gbà. Ibo ni ipá wà níbẹ̀?

Ká ní ilé ìwòsàn kan fi ìlànà bo nọ́ńbà fóònù àwọn aláìsàn nínú Hive, tí a fi ń ka ìwífún bíi tábìlì. Bí olùṣèwádìí tó láṣẹ láti ka fáìlì bá fi Spark, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìwífún, ka fáìlì kan náà tààrà nínú HDFS, ibi tí a kó àwọn fáìlì náà pamọ́ sí, gbogbo nọ́ńbà náà yóò hàn sí i, nítorí pé fáìlì àti fódà nìkan ni HDFS mọ̀, kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Ìlànà dúró níbì kan, ó wó níbòmíràn. Ohun tó ń wó, gbígbé ró ni a ń gbé e ró, a sì ti ní "agbófinró" tipẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìgbélànàró".

(Mo gbà pé kí a lo ìwífún dípò dátà, nítorí ohun tí a ń rà sórí fóònù ni dátà létí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn.)

Kí a má sì fi "ìwọlé" rọ́pò "ìráàyè" (access). Kerberos, ètò tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, ló ń jẹ́rìí ẹni tí ènìyàn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ agboolé kò tíì gba àṣẹ láti ṣí gbogbo yàrá.

Ó ku orúkọ ẹ̀ka kékeré náà. "Agbélànàró" ni mo fi síwájú yín, nítorí òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá.