Kúkà induction mi ń ké, E0 ló ń kọ, kò gbóná

Ìyá Ràmọ́tù, Ìlọrin: Ẹ káàárọ̀ o. Inú ń bí mi. Torí owó gáàsì ni mo ṣe ra kúkà induction ní Ọjà-Ọba. Mo gbé ìkòkò lé e, ó ń ké, ó kọ E0, gíláàsì tutù bí omi àmù. Mo gbé e padà lọ, ọkùnrin náà ní òun kì í gba ọjà padà, ó tún ní n ò mọ̀ ọ́n lò, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀! Ìyá ọkọ mi ń sọ pé ṣebí òun wí. Ṣé kí n mú ọlọ́pàá lọ bá a ni?

Onísólà Ọ̀fà: Ẹ fi ti ọlọ́pàá sílẹ̀ ná. Irú ìkòkò wo ni? Lára ọ̀pọ̀ kúkà, E0 túmọ̀ sí pé kò rí ìkòkò tó bá a mu. Wáyà bàbà kíká ló wà lábẹ́ gíláàsì, agbára òòfà ló ń mú wá, ìdí ìkòkò gan-an ló sì ń gbóná. Àlùmíníọ̀mù ò ní gbọ́.

Ìyá Ràmọ́tù: Ìkòkò tó dáa ni o! Ó nípọn, òun ni mo fi ń se ìrẹsì àlejò.

Ìyá Alásè, Òmù-Àrán: Ìyẹn kọ́ la bi yín. Ẹ fi òòfà kan ìdí rẹ̀ láti ìta. Bó bá lẹ̀ gírígírí, ó máa ṣiṣẹ́. Bó bá já bọ́, ẹ gbé e padà sórí gáàsì. Tánganran, ìyẹn ìkòkò irin tí wọ́n fi nǹkan dídán bò, máa ń lẹ̀, irin dídà náà.

Ọmọ Ìgbómìnà: Ẹ ra stéńlẹ́ẹ̀sì, ó parí.

Ìyá Alásè: Kò parí o. Stéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ 18/10 sí lára kì í sábà gbé òòfà, àfi tí wọ́n bá fi irin mìíràn sí ìdí rẹ̀. Ẹ wo bí irin ìdí yẹn ṣe fẹ̀ tó pẹ̀lú: bí ìkòkò bá fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 24, tí irin jẹ́ 14, àárín á jóná, etí ò ní jinná. Ẹ fi rúlà lé ìdí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ rúlà kọjá, ẹ má rà á. Èyí tí ìdí rẹ̀ ò tó 12, ọ̀pọ̀ kúkà ò ní rí i.

Ọmọ Ìgbómìnà: Mo gbà lórí 18/10. Àmọ́ irin pẹlẹbẹ wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àlùmíníọ̀mù.

Onísólà Ọ̀fà: Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fi iná ṣòfò. Irin yẹn ló kọ́kọ́ ń gbóná, ooru rẹ̀ á padà sórí gíláàsì, kúkà á sì kú fúnra rẹ̀ kó má bàa gbóná jù.

Ìyá Ràmọ́tù: Òòfà já bọ́ lára ti àlejò yẹn. Ó lẹ̀ mọ́ tánganran. Ṣùgbọ́n mo ti gbé tánganran yẹn lé e lálẹ́ àná! Ó gbóná díẹ̀, gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. Ṣé ẹ rí i pé ọjà burúkú ni?

Onísólà Ọ̀fà: Gbogbo ilé? Iná wo lẹ fi tàn án?

Ìyá Ràmọ́tù: Ínfátà 1.5 kVA. Kò síná ìjọba. Ṣùgbọ́n wáàtì 800 ni mo tẹ̀, kì í ṣe 2000.

Onísólà Ọ̀fà: Háà! Ẹ má fi ínfátà yẹn tàn án mọ́. Kò lè gbé ju nǹkan bíi wáàtì 1,200 lọ. Ọ̀pọ̀ kúkà olówó pọ́ọ́kú, bẹ́ ẹ bá tẹ 800, ńṣe ló ń fa iná ńlá, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń fà. Iná ìjọba ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Wáàtì 2,000 lórí fóòtì 220 ń fa nǹkan bí áńpíà 9: sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà, kì í ṣe ẹ́sítẹ́ńṣàn wáyà tín-ínrín, yíyọ́ ló máa yọ́. Bẹ́ ẹ bá sè é tán, ẹ má yọ púlọ́ọ̀gì títí fáànù inú rẹ̀ á fi dákẹ́.

Ìyá Ràmọ́tù: Ọkà ńkọ́? Ṣé mo lè rò ó lórí gíláàsì?

Ìyá Alásè: Rárá o. Tómi bá hó, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí osùká, ẹ da èlùbọ́ sí i, ẹ rò ó kó dán, kẹ́ ẹ tó gbé e padà sórí iná kékeré kó jinná. Ẹ nu ìdí ìkòkò dáadáa, yanrìn ló ń ha gíláàsì.

Ìyá Ràmọ́tù: Ẹ ṣé gan-an. Tí wọ́n bá mú iná wá lónìí, màá fi tánganran dán an wò. Ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí ọkùnrin yẹn bi mí léèrè irú ìkòkò tí mo ní kó tó gbowó mi.